Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Àyè Padà Nínú Fáìlì DBF Lẹ́yìn Tí Ẹ Bá Pa Àkọsílẹ̀ Rẹ́

Ìbéèrè yìí kì í tán: "Mo ti pa ju ìdajì àkọsílẹ̀ inú fáìlì yìí rẹ́, kí ló dé tó ṣì tóbi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?" Àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ni àwọn tó jogún ètò ìṣirò owó, ètò ilé ìkàwé tàbí ètò oníbàárà tí wọ́n fi dBASE, Clipper, FoxPro tàbí Visual FoxPro ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Nínú fáìlì DBF (fáìlì tí àwọn ètò yìí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí), pípa àkọsílẹ̀ rẹ́ kì í yọ ọ́ kúrò, àmì ló ń fi sí i. Àyè kò ní padà àfi tí a bá tún fáìlì náà kọ látòkèdélẹ̀, ìgbà àtúnkọ yẹn gan-an sì ni fáìlì lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ lórí ìmúrasílẹ̀ níbí ju orí PACK, àṣẹ tó ń ṣe àtúnkọ náà, lọ.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ DELETE

Ẹ fi fáìlì náà wé ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ní kíláàsì. Tí ọmọ kan bá kúrò nílé ìwé, olùkọ́ á fi bírò pupa fa ìlà kọjá orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ṣì wà lójú ìwé, ìlà tó gbà kò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni DBF rí. Gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ló gùn dọ́gba, báìtì àkọ́kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà fún àmì. Tí àkọsílẹ̀ bá ṣì wúlò, òfìfo (20 lọ́nà hex) ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti pa á rẹ́, ìràwọ̀ (*, ìyẹn 2A) ló wà níbẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì àti iye owó tó tẹ̀ lé báìtì yẹn kò yí padà rárá.

Ohun méjì ló ti ibẹ̀ jáde. Èkíní dára: àṣẹ RECALL lè dá àkọsílẹ̀ náà padà. Èkejì yẹ ká kíyè sí: ẹni tí ẹ bá fún ní fáìlì yẹn lórí fláàṣì lè ka gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ ti pa rẹ́, títí kan nọ́ńbà fóònù àti gbèsè oníbàárà yín.

Ẹ ṣí ẹ̀dà fáìlì yín (ẹ̀dà o, kì í ṣe ojúlówó) pẹ̀lú ètò tó ń fi báìtì hàn, bíi HxD lórí Windows tàbí xxd lórí Linux. Báìtì àkọ́kọ́ ń sọ irú fáìlì tó jẹ́: 03 ni dBASE III tí kò ní mẹ́mò (fáìlì ẹ̀gbẹ́ tó ń gba ọ̀rọ̀ gígùn), 83 ni dBASE III tó ní mẹ́mò, F5 ni FoxPro 2 tó ní mẹ́mò, 30 ni Visual FoxPro. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan sínú rẹ̀ kẹ́yìn. Mẹ́rin tó kàn ni iye àkọsílẹ̀, ẹ̀yìn ni a sì ti ń kà á bọ̀ wá síwájú. Tí ẹ bá rí C0 C2 04 00 níbẹ̀, 312,000 nìyẹn, ó sì ka àwọn tí ẹ ti pa rẹ́ mọ́ ọn. Tí 190,000 nínú wọn bá ti kú (ìyẹn, tí ẹ ti pa wọ́n rẹ́), tí ẹ sì gba àyè wọn padà, ibẹ̀ á di 90 DC 01 00, ìyẹn 122,000. Ohun yòówù kí ètò yín máa sọ lójú kọ̀ǹpútà, tí báìtì mẹ́rin yìí kò bá yí padà, àyè kò tíì padà.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

- Ẹ ní kí gbogbo èèyàn jáde nínú ètò náà. Tó bá jẹ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wà, ẹ wo ìsọ̀rí Open Files lábẹ́ Shared Folders nínú Computer Management lórí sáfà, kí ẹ rí i dájú pé kò sẹ́ni tó ṣí fáìlì náà.
- Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹbí fáìlì náà: .DBF, .FPT tàbí .DBT (mẹ́mò), .CDX, .IDX tàbí .NTX (atọ́ka, tó ń jẹ́ kí wíwá àkọsílẹ̀ yá), àti .DBC, .DCT, .DCX (àkójọ tí Visual FoxPro fi ń so àwọn fáìlì pọ̀) tí wọ́n bá wà. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà .DBF nìkan, tó gbàgbé .FPT, kò ní ẹ̀dà kankan.
- Ẹ ṣí ẹ̀dà yẹn wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀dà tí kò sẹ́ni tó ṣí wò rí, a kò lè gbára lé e.
- Ẹ wo àyè díìsìkì. Ó kéré tán, kí àyè òfìfo tó àpapọ̀ fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (.DBF, mẹ́mò, atọ́ka). Tó bá tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ọkàn á balẹ̀.
- Ẹ gbé e wá sórí díìsìkì kọ̀ǹpútà yín. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má sì ṣe é lórí fláàṣì.
- Ẹ lo láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún, tàbí kí kọ̀ǹpútà wà lórí UPS. Kí iná lọ nígbà tí àtúnkọ ń lọ lọ́wọ́ ló ń ba fáìlì jẹ́ jù.
- Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ náà bóyá ètò yín ń lo àmì ìparẹ́ fún nǹkan mìíràn. Àwọn kan ń fi pa rísíìtì tí wọ́n fagi lé mọ́, kí olùyẹ̀wò ìwé owó lè rí i.
- Ẹ wá RECNO() (ó ń sọ nọ́ńbà ipò àkọsílẹ̀ nínú fáìlì) nínú kóòdù ètò náà. Tí fáìlì kan bá ń fi nọ́ńbà àkọsílẹ̀ tọ́ka sí òmíràn, ẹ dúró níbí. Àtúnkọ á yí gbogbo nọ́ńbà yẹn padà, owó Àdùkẹ́ á sì bọ́ sórúkọ Àlàbí, láìsí àṣìṣe kankan tó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ iye àyè tó ń ṣòfò

Ẹ tẹ ìwọ̀nyí ní ojú àṣẹ FoxPro tàbí Visual FoxPro:

```
CLOSE DATABASES ALL
SET DELETED OFF
USE C:\ISE\ONIBARA.DBF EXCLUSIVE
? RECCOUNT(), RECSIZE()
COUNT FOR DELETED() TO nPaare
? nPaare, nPaare * RECSIZE()
```

EXCLUSIVE ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ ṣí fáìlì náà. SET DELETED OFF ṣe pàtàkì níbí. Tó bá wà ní ON, àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ pa rẹ́ á fara pamọ́, COUNT á sì fún yín ní òdo. RECSIZE() ni gígùn àkọsílẹ̀ kan, ó sì ti ka báìtì àmì mọ́ ọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, tí àkọsílẹ̀ kan bá jẹ́ báìtì 248, 190,000 tó kú ti gba báìtì 47,120,000. Iṣẹ́ yẹn tó ṣe. Ṣùgbọ́n tí èsì yín kò bá ju ìdá mẹ́wàá fáìlì náà lọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ewu àtúnkọ ju èrè rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ iye méjì sórí ìwé: iye àkọsílẹ̀ tó wà láàyè, àti àpapọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù owó kan:

```
SET DELETED ON
COUNT TO nAaye
SUM IYEOWO TO nApapo
? nAaye, nApapo
```

Iye méjì yìí lẹ máa fi mọ̀ nígbẹ̀yìn bóyá iṣẹ́ yín pé.

## Ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà?

Ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ tẹ `? CURSORGETPROP("Database")` nínú Visual FoxPro. Tí èsì rẹ̀ bá jẹ́ òfìfo, fáìlì náà dá dúró, COPY TO sì ni mo máa yàn. Tó bá dárúkọ fáìlì .DBC kan, PACK ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá fi COPY TO mú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde, orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù tó gùn ju lẹ́tà 10 lọ á gé, àwọn òfin àti iye àtètèkọ́ṣe (default) tó wà nínú .DBC kò sì ní tẹ̀ lé e.

Èyí tí ẹ bá lò nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn tó kú sí fáìlì ọ̀tọ̀, nítorí kò sí RECALL mọ́ lẹ́yìn èyí:

```
SET DELETED OFF
COPY TO C:\IPAMO\OKU FOR DELETED()
```

Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wá béèrè ọ̀kan nínú wọn, ẹ ṣí OKU, kí ẹ tẹ RECALL ALL.

### COPY TO: kíkọ sínú ìwé tuntun

1. Ẹ tẹ `SET DELETED ON`, kí àwọn tó kú má bàa tẹ̀ lé wọn lọ.
2. `USE C:\ISE\ONIBARA EXCLUSIVE`
3. `COPY TO C:\ISE\ONIBARA2 WITH CDX`. Tó bá jẹ́ FoxPro fún DOS tàbí FoxPro 2.6 ló ń lo fáìlì náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi `TYPE FOX2X` kún un. Tó bá jẹ́ dBASE III tàbí Clipper tó ní mẹ́mò .DBT, `TYPE FOXPLUS` ni kí ẹ fi kún un, láìsí WITH CDX, kí ètò náà fúnra rẹ̀ wá tún atọ́ka rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, Visual FoxPro á kọ 30 sí báìtì àkọ́kọ́, ètò àtijọ́ kò sì ní mọ fáìlì náà mọ́.
4. `USE C:\ISE\ONIBARA2`, kí ẹ ṣe COUNT àti SUM lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí wọ́n bá tinú ìwé yín mu délẹ̀, dé kọ́bọ̀.
5. `USE`, kí fáìlì lè padé.
6. Ẹ yí orúkọ fáìlì àtijọ́ padà sí ONIBARA_ATIJO, pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀. Ẹ wá yí ONIBARA2 padà sí ONIBARA, .DBF, .FPT àti .CDX papọ̀. Orúkọ .CDX gbọ́dọ̀ bá ti .DBF mu.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé kò sígbà kankan tí a fọwọ́ kan fáìlì àtijọ́. Iná lè lọ níbi tó bá wù ú: ẹ ó pa ONIBARA2 tó dàrú rẹ́, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

### PACK

1. `SET EXCLUSIVE ON`
2. `USE C:\ISE\ONIBARA EXCLUSIVE`
3. Ẹ ṣí gbogbo atọ́ka .IDX tó ní, tó bá ní: `SET INDEX TO ORUKO, KOODU`. Èyí tó bá wà ní pípadé kò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà.
4. `PACK`
5. Ẹ dúró. Ẹ má tẹ Esc, ẹ má sì pa ètò náà láti inú Task Manager nítorí ó jọ pé kò ṣe nǹkan kan.
6. `? RECCOUNT()`, lẹ́yìn náà COUNT àti SUM.

Visual FoxPro ń kọ àwọn tó wà láàyè sí fáìlì onígbà díẹ̀ kó tó fi í rọ́pò ti àtijọ́. Àwọn ètò tí wọ́n fi Clipper tàbí Harbour ṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀: inú fáìlì kan náà ni wọ́n ti ń sún àkọsílẹ̀ sókè. Tí iná bá lọ láàárín, apá òkè á ti yí padà, apá ìsàlẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Lọ́dọ̀ wọn, COPY TO nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹ ṣọ́ra fún ZAP. Ó kúrú bíi PACK, ṣùgbọ́n gbogbo àkọsílẹ̀ ló ń kó dànù, àti òkú àti alààyè.

## Mẹ́mò: ibi tí àyè ń sá pamọ́ sí jù

Ọ̀pọ̀ ìgbà, .DBF kọ́ ló wú, .FPT ni. Àyè mẹ́mò ń lọ ní búlọ́ọ̀kù, 64 báìtì ni FoxPro sábà máa ń fún búlọ́ọ̀kù kan, 512 sì ni ti .DBT. Tí ẹnìkan bá ṣí àlàyé oníbàárà tó sì fi gbólóhùn kan kún un, tí ọ̀rọ̀ náà kò bá gba inú búlọ́ọ̀kù àtijọ́ mọ́, ìparí fáìlì ni FoxPro máa kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ti àtijọ́ di òkú láìsí pé ẹ tẹ DELETE rí. Nítorí náà, fáìlì tí kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀ lè máa wú lójoojúmọ́.

PACK lásán nínú FoxPro ń tún méjèèjì kọ. Tó bá jẹ́ mẹ́mò nìkan lẹ fẹ́ dín kù, tí ẹ kò fẹ́ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ tó kú, `PACK MEMO` ni. Ní dBASE III àti Clipper, PACK kì í dín .DBT kù rárá; COPY TO ló lè ṣe é.

Ẹ rántí pé .DBF àti .FPT kọ̀ọ̀kan kò lè ju 2 GB lọ nínú Visual FoxPro. Ẹ má jẹ́ kó dé 1.8 GB kí ẹ tó ṣe nǹkan sí i, torí tó bá kún tán, ètò lè dáwọ́ dúró láàárín ìkọ̀wé.

## Atọ́ka

Tí .CDX bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wíwá orúkọ ń fún yín ní èsì tí kò tọ̀nà, ẹ tún un ṣe láti ìpìlẹ̀. REINDEX ń gbára lé ohun tó wà ní orí atọ́ka náà; tí orí bá ti bàjẹ́, ìbàjẹ́ kan náà ló máa tún kọ. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú àpèjúwe wọn:

```
LIST STATUS TO FILE C:\IPAMO\ATOKA.TXT
DELETE TAG ALL
INDEX ON KOODU TAG KOODU
INDEX ON UPPER(ORUKO) TAG ORUKO
```

Ìlà INDEX ON méjì yìí jẹ́ àpẹẹrẹ, inú ATOKA.TXT lẹ ti máa rí tiyín. Ẹ má ṣe èyí fún fáìlì tó wà nínú .DBC láìmọ ohun tí ẹ ń ṣe, nítorí DELETE TAG ALL á pa kọ́kọ́rọ́ àgbà (primary key) àti ìsopọ̀ láàárín àwọn fáìlì rẹ́ pẹ̀lú.

## Tí ẹ kò bá ní FoxPro

- Python. Àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ `dbf` ní `pack()`. Ẹ fi `dbf.Table('ONIBARA.DBF')` mú fáìlì, ẹ ṣí i pẹ̀lú `open(dbf.READ_WRITE)`, ẹ pe `pack()`, kí ẹ pa á dé. Kò ní bá yín tún .CDX ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ètò yín tún atọ́ka rẹ̀ kọ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó.
- FoxPro fún DOS tó ti wà lọ́wọ́ yín. Kò lè ṣiṣẹ́ tààrà lórí Windows 64-bit. Ẹ lò ó nínú DOSBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS àtijọ́.
- Excel àti LibreOffice Calc. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn. Excel kì í fi DBF pamọ́ mọ́ láti ẹ̀dà 2007. Calc lè fi pamọ́, ṣùgbọ́n ìlà 1,048,576 ni òpin rẹ̀, àṣìyàn kóòdù lẹ́tà kan sì lè ba gbogbo lẹ́tà tó ní àmì jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń lo àwòrán ilẹ̀: tí .DBF yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ .SHP àti .SHX, ẹ má ṣe PACK rẹ̀ láé. Àwòrán karùn-ún nínú .SHP ló ni ìlà karùn-ún nínú .DBF. Tí ẹ bá yọ ìlà láìyọ àwòrán, orúkọ ìlú kan á bọ́ sórí ilẹ̀ ìlú mìíràn. Irinṣẹ́ GDAL ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀: `ogrinfo ona.shp -sql "REPACK ona"`.

## Àwọn àṣìṣe tí ẹ lè bá pàdé

"File must be opened exclusively." Ẹnìkan ṣì ṣí i, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ṣí i láìfi EXCLUSIVE kún un. Ètò tó ń ṣe ẹ̀dà lóru náà lè dì í mú.

"Index does not match the table." Atọ́ka àtijọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tuntun. Ẹ tún atọ́ka ṣe.

"Memo file is missing or is invalid." Ẹ ti yí orúkọ .DBF padà láìyí ti .FPT padà, tàbí ẹ pa .DBF tuntun pọ̀ mọ́ .FPT àtijọ́. Èyí kejì léwu: àwọn atọ́kasí mẹ́mò lè bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ẹ padà sórí ẹ̀dà ìpamọ́.

"Uniqueness of index is violated", nígbà tí nọ́ńbà náà kò sí nínú fáìlì. Ó wà níbẹ̀, ó kú ni. Atọ́ka ṣì ń ka òkú. Lẹ́yìn PACK ó máa lọ; kó má bàa padà, ẹ fi `FOR !DELETED()` sí atọ́ka náà.

PACK parí, fáìlì kò dín kù. Ẹ tẹ F5 nínú fódà. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò bóyá .FPT tàbí .CDX ló tóbi.

## Tó bá jẹ́ Access (.MDB)

Orúkọ àṣẹ rẹ̀ ni Compact and Repair Database. Ẹ ó rí i lábẹ́ Tools, Database Utilities nínú Access 2003, àti lábẹ́ File, Info nínú àwọn tuntun. Ìlànà kan náà ni: ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ lé gbogbo èèyàn jáde títí fáìlì .LDB (àmì pé ẹnìkan ṣì ṣí i) á fi pòórá, ẹ ṣe é lórí díìsìkì tiyín. Òpin rẹ̀ náà jẹ́ 2 GB, ṣùgbọ́n fún gbogbo fáìlì náà lápapọ̀. Kò sí RECALL níbí: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ ti lọ. Ẹ má tan Compact on Close fún fáìlì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò. Tó bá sì jẹ́ ti Access 97, Access 2013 àti àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣí i. Ẹ wá ẹ̀dà 2010 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

## Kó má bàa tún wú

Fáìlì tí wọ́n ń pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò yẹ kó máa dúró de PACK. Ẹ jẹ́ kí ètò yín máa lo àyè òkú fún ẹni tuntun:

```
SET DELETED OFF
LOCATE FOR DELETED()
IF FOUND() AND RLOCK()
   RECALL
   BLANK
ELSE
   APPEND BLANK
ENDIF
SET DELETED ON
```

Lórí fáìlì ńlá, LOCATE lè falẹ̀. `INDEX ON DELETED() TAG PAARE` á ràn án lọ́wọ́. Clipper kò ní BLANK, ẹ fi REPLACE sọ kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan di òfìfo dípò rẹ̀.

Ní ti ONIBARA_ATIJO tí ẹ fi pamọ́, ẹ má pa á rẹ́ títí ètò yín á fi ṣe ìparí oṣù kan lórí fáìlì tuntun, tí ìwé owó sì bára mu.